Òkèèrè Tó Wà Lẹ́yìn Ilé

“Ó tún ti kọ̀ mí,” Kàsúmù wí, ó na fóònù rẹ̀ sí Moutiatou bí ẹni tó ń dá ọbẹ̀ tó kan padà fún alásè.

Moutiatou gbà á. Ó tún nọ́ńbà ọkùnrin náà tẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́. Àká, áàpù tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ kí àwọn àgbẹ̀ Idigny lè máa fi ta àgbàdo, tún fi lẹ́tà pupa dá a lóhùn: nọ́ńbà yìí kì í ṣe ti Bẹ̀nẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní nọ́ńbà tibí ni?”

“Àbúrò mi, Ìmẹ̀kọ, lódìkejì bodè, ni mò ń gbé. Àgbàdo ni mo wá rà, mi ò wá fẹ́yàwó.”

Àwọn àgbẹ̀ tó jókòó sórí àpò àgbàdo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ògúndìran, olórí ẹgbẹ́ wọn, tó tún jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá Moutiatou, kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló ba ọmọbìnrin náà lẹ́rù, torí bàbá yẹn a máa rẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú.

Ká sọ tòótọ́, ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Òun ló gun alùpùpù wọ gbogbo ọ̀nà oko láti Okpomèta dé Kpankou, tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń fi ìka tajà. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Àká lọ́wọ́, Barnabé tó ń bá a kọ ọ́ bi í pé, “Ṣé ká fi àyè sílẹ̀ fún nọ́ńbà òkèèrè? Tá a bá fi nọ́ńbà ibí nìkan ṣe ìpìlẹ̀, ọjọ́ tá a bá fẹ́ yí i, a máa wó gbogbo ilé náà tún kọ́ ni.”

Moutiatou rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Òkèèrè kẹ̀? Ta ló máa ti Paris wá ra àgbàdo ní Idigny? Jẹ́ kílé yó ná.”

Òkèèrè lójú tiẹ̀ ni ibi tí wọ́n ń wọ bàálù lọ, tí wọ́n ti ń fi fọ́tò ìrì dídì ránṣẹ́ sílé. Ìmẹ̀kọ wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń lọ jẹ ìsọmọlórúkọ láàárọ̀, tó sì ń padà wá gúnyán alẹ́ sílé. Ọmọ Kétu wo ló ń pe ilé àbúrò ìyá rẹ̀ ní òkèèrè? Àṣé ẹnikẹ́ni ò bá fóònù sọ ọ́.

Barnabé ti ríṣẹ́ sí Cotonou báyìí. Ó ní títún ìpìlẹ̀ náà ṣe á gba oṣù púpọ̀, ohùn rẹ̀ sì dà bíi tẹni tó ń kíni kú ọ̀fọ̀. Bẹ́ẹ̀, òdìkejì bodè làwọn tó ń ra àgbàdo jù ti ń wá.

“Mútíà,” Bàbá Ògúndìran pè é, “wá jókòó.”

“Ìdúró yìí dáa, Bàbá.”

“Ẹni tó dúró kì í gbọ́rọ̀ tán. Jókòó.”

Ó jókòó.

“Àwọn ọmọ kan ní Ìmẹ̀kọ ti ṣe áàpù tiwọn. Ó ń gba nọ́ńbà tiwa, ó ń gba tiwọn. Ó ń gba owó tiwa, ó ń gba tiwọn.”

“Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é, Bàbá. Ẹ fún mi láyè títí di ìkórè tó ń bọ̀.”

“Ìwọ lo kọ́kọ́ ṣe é, a ò sẹ́. Ṣùgbọ́n kòkòrò ò ní bá wa dúró de ìkórè.” Ó fọwọ́ gbá àpò tó jókòó lé, ìyẹ̀fun tí kòkòrò ti lọ̀ dà sílẹ̀. “O kọ́ àká tó dáa, ọmọ mi. O kàn kọjú ilẹ̀kùn rẹ̀ sí ògiri ni.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kàsúmù pàápàá, tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi, ń wo bàtà ara rẹ̀.

“Ẹ ti pinnu nìyẹn,” Moutiatou wí.

“A ti pinnu, tiwọn la máa lò. Èyí tó kù ni...” Bàbá yọ fóònù tiẹ̀ jáde, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ojú ń tì í. “A ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọlé síbẹ̀. Ìwọ lo máa ń bá wa ṣe é.”

Moutiatou kọ́kọ́ fẹ́ dìde. Alùpùpù rẹ̀ wà lábẹ́ igi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó wo àwọn bàbá náà. Ó wo Màmá Huguette, obìnrin kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ náà, tó ti wọ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀ dè é. Ó wo ìyẹ̀fun tó wà nílẹ̀. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó gba fóònù.

Áàpù àwọn ará Ìmẹ̀kọ ṣí wẹ́rẹ́. Ó béèrè orúkọ, ó béèrè abúlé. Níkẹyìn ó ní: ta ló mú yín wá?

“Kí ni wọ́n ń béèrè?” Bàbá wí.

“Ẹni tó mú yín dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣé kí n fi ti Ẹ̀gbọ́n Kàsúmù sí i?”

“Rárá o. Ta ló kọ́ mi ní fóònù? Nọ́ńbà tìẹ ni kó o fi sí i.”

Moutiatou tẹ nọ́ńbà ara rẹ̀, nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀, láìgbójú sókè. Ó ń retí kó kọ̀ ọ́. Díẹ̀ ló kù kó gbàdúrà pé kó kọ̀ ọ́. Áàpù náà gbà á lójú ẹsẹ̀, kò tiẹ̀ bi í níbi tó ti wá.

Ó nu ojú fóònù náà mọ́ aṣọ rẹ̀, ó dá a padà fún Bàbá, ó wá nawọ́ sí Màmá Huguette.

“Ẹ mú tiyín wá.”