Ọmọ Tó Mọ Ojú

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé ayé ti bàjẹ́, ẹ wọ súpámákẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ó rí ọmọ ọdún mẹ́rin tó nà gbalaja sílẹ̀ nítorí bisikíìtì, tí ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ baálé. Ọmọ ẹlòmíràn á ti já páálí mílíìkì kí ìyá rẹ̀ tó rántí pé òun mú ọmọ wá. Báyìí ni Àṣàkẹ́ ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, á sì fọwọ́ pa orí Zulaikha, ọmọ ọmọ rẹ̀, kí wọ́n lè rí bí ọmọ tí a kọ́ ṣe ń rí.

Ká má parọ́, ọmọ náà gba ẹ̀kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Baba rẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà lẹ́yìn ìyá, nígbà tí Raliat ìyá rẹ̀ sì fẹ́ fẹ́ ọkọ mìíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó gbé e wá fún Àṣàkẹ́ tó jẹ́ ìyá tirẹ̀. Àṣàkẹ́ kò nà án rí. Ojú ló fi ń bá a wí. Bí ẹnì kan bá na àkàrà sí i ní ọjà Akẹ̀sán, Zulaikha á kọ́kọ́ wo ojú ìyá àgbà. Bí ojú náà bá rọ̀, á kúnlẹ̀, á gbà á. Bí ó bá le, á ní, "Ẹ ṣé mà, mo ti yó," bí ebi tilẹ̀ ń pa á. Tí wọ́n bá wọ ilé ìtajà, kò gbọdọ̀ kúrò níbi tí wọ́n bá fi í sí, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tí wọn kò rà. Bí ẹni tí kò mọ̀ bá bi í pé ta ló bá wá, kò gbọdọ̀ dáhùn, àfi tí ìyá àgbà bá fi ojú sọ fún un pé kó dáhùn. Ayé gbọ́mọgbọ́mọ la wà, ta ló fẹ́ bá Àṣàkẹ́ jiyàn?

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ojú ọ̀hún ti ń kú lọ. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn, ó ń tẹ adìyẹ mọ́lẹ̀, ó ní ọjọ́ ogbó ni. Kò dùn ún, kò yún un. Nígbà tó yá, ìwọ̀nba ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ gan-an ló ń rí, ìyẹn náà sì dà bí ohun tí a ń wò láti inú ọ̀rá píọ̀-wọ́tà. Ẹsẹ̀ ló wá fi ń mọ ọ̀nà nínú ilé rẹ̀. Ó ń fi ohùn dá àwọn ènìyàn mọ̀, bí wọ́n bá sì kí i, á yíjú sí wọn dáadáa, á bi wọ́n léèrè ọmọ. Kò sẹ́ni tó fura.

Ìdí tó fi pa ẹnu mọ́ kò ju ẹyọ kan lọ. Raliat ti sọ ọ́ lórí fóònù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé, lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá ti di ẹrù fún Màmá, kí Màmá sọ, òun á wá mú un. Àánú ni Raliat fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìhàlẹ̀ ni Àṣàkẹ́ gbọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní Ìlọrin pẹ̀lú ìdílé wọn, yàrá mẹ́fà ló sì wà nínú ilé náà. "Ẹ káàárọ̀ mà" tí Zulaikha ń kí i láràárọ̀ ló ń gbé e dìde lórí ẹní. Ta ló máa fi ọmọ sílẹ̀ fún afọ́jú? Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ojú lọ kí ọmọ kù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó lọ mú Zulaikha ní iléèwé, wọ́n sì yà ní súpámákẹ́ẹ̀tì tuntun kan lójú títì láti ra mílíìkì àti ṣúgà. Akẹ̀sán ni ì bá lọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù èrò ti ń bà á, ó ti kọ lu igbá ata òǹtajà kan rí. Ilẹ̀ súpámákẹ́ẹ̀tì tẹ́jú, ẹnikẹ́ni kì í tì ọ́ níbẹ̀. Ohun tó gbàgbé ni pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, Akẹ̀sán sì ni wọ́n ń sọ. Bí ọmọ bá ṣáko níbẹ̀, ìyá kan tí kò bí i á mú un lọ́wọ́ padà wá. Ní súpámákẹ́ẹ̀tì, kálukú ń wo ọjà tirẹ̀ ni.

Ó fi Zulaikha sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n to mílíìkì sí. Ó ní kó má ṣí lẹ́sẹ̀, òun ń wá ṣúgà bọ̀. Ó ń fọwọ́ tọ pẹpẹ lọ, nígbà tó sì rí ṣúgà tán, kò mọ ibi tó ti wá mọ́, nítorí gbogbo pẹpẹ ibẹ̀ jọra. Ó rìn síwá, ó rìn sẹ́yìn, àfi bó ṣe rí híjáàbù funfun kékeré lórí aṣọ iléèwé aláwọ̀ ewé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú. Ọmọ náà tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá àgbà ló dì í lọ́wọ́ mú, kí ni kó sọ? Nígbà tí wọ́n ń sanwó, Àṣàkẹ́ ní kó má wo ọ̀tún, kó má wo òsì, nítorí pé ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ra bisikíìtì kan fún un, ó fi í sí i lọ́wọ́. Wọ́n kọrí sí ẹnu ọ̀nà.

Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti pariwo láti ẹ̀yìn pé ọmọ òun dà. Marufat ni wọ́n ń pè é, iléèwé kan náà lọmọ rẹ̀ àti Zulaikha ń lọ. Ọmọ tí Àṣàkẹ́ dì mú yíjú padà, ó ní, "Mọ́mì."

Mátíù, sẹ̀kúríìtì ẹnu ọ̀nà, ti ilẹ̀kùn. Kí ó tó bèèrè ohunkóhun, ẹnì kan ti sọ ọ̀rọ̀ náà: gbọ́mọgbọ́mọ. Bisikíìtì sì wà lọ́wọ́ ọmọ, gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n fi ń tan ọmọ. Wọ́n já ìborùn lórí Àṣàkẹ́. Ẹnì kan gbá a létí, òmíràn gbé fóònù sókè, ó ń yà á ní fídíò. Wọ́n ní kó fi ojú hàn dáadáa. Lóde níbẹ̀, ọkùnrin kan ti ń bèèrè táyà.

Àṣàkẹ́ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ń sọ pé àṣìṣe ni, pé òun ní ọmọ tòun nínú, ní ẹ̀gbẹ́ mílíìkì. Wọ́n ní irọ́ ni. Mátíù nìkan ló ní kí wọ́n dá ọwọ́ dúró, kí òun lọ wò ó. Ó bá Zulaikha níbi tí wọ́n fi í sí, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ti gbọ́ gbogbo ariwo náà, kò sì ṣí lẹ́sẹ̀. Mátíù mú un wá síwájú ìyá àgbà.

"Ta ni ìyá yìí jẹ́ sí ọ?"

Zulaikha kò dáhùn. Ó gbójú sókè, ó ń wo ojú Àṣàkẹ́.

"Ṣé o mọ̀ wọ́n?"

Kò dáhùn. Omi ti kún ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé e kúrò lójú ìyá àgbà, ó ń wá àmì tó máa sọ fún un pé kó sọ̀rọ̀. Àwọn èrò ní ṣé wọn kò rí i báyìí, ọmọ yìí gan-an kò mọ̀ ọ́n, bóyá ó jí òun náà gbé ni. Wọ́n tún sún mọ́ ọn.

Nínú ariwo náà, Àṣàkẹ́ kò gbọ́ pé wọ́n ti dé; inú súpámákẹ́ẹ̀tì ló ṣì kọjú sí, ó ń retí ẹsẹ̀ wọn.

"Ọmọ mi," ó ké sí Mátíù, "ṣé o ti rí i? Zulaikha dà?"

"Ìyá," Mátíù ní, "iwájú yín ló dúró sí."

Àṣàkẹ́ na ọwọ́ síwájú, ọwọ́ náà sì kọjá lókè orí ọmọ. Zulaikha fúnra rẹ̀ ló fi orí sábẹ́ ọwọ́ náà, ó ní, "Màmá, èmi rè é." Wọn kò tíì ní kó sọ̀rọ̀.

Marufat ló mú ìborùn nílẹ̀, tó wé e fún un padà, tó ń sunkún tó ń tọrọ àforíjì. Ẹni tó ń ya fídíò ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ní tiẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbá a létí ló sì parí sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò náà ti dé ọ̀dọ̀ Raliat ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Raliat dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Àṣàkẹ́ retí ìjà, kò rí ìjà. Raliat kúnlẹ̀ kí i, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú, ó sì wọ yàrá lọ di ẹrù ọmọ. Ìjà ì bá sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n máa lọ, ó ní Màmá náà ń bá wọn lọ, òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ojú náà, kí dókítà Ògbómọ̀ṣọ́ wò ó.

Dókítà obìnrin kan tan iná sí i lójú títí. Ó fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ pé àrùn náà kì í dunni, ṣe ló máa ń jalè. Èyí tó ti jí gbé kò ní í padà wá. Ojú ọ̀tún ti kú, wọ́n á gbìyànjú kí díẹ̀ tó kù lósì má baà lọ. Ká ní ó ti wá nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ni, oògùn tí à ń kán sójú ì bá ti dá a dúró, ì bá ṣì máa ríran.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ, Màmá?" Raliat bi í.

"Ẹ̀rù ń bà mí pé o máa mú un lọ."

Raliat kúkú ti mú un lọ, ilé àna kì í sì í ṣe ibi tí ìyá ìyàwó ń kó lọ gbé. Orí àga tí wọ́n fi í sí ni Zulaikha ti sọ̀rọ̀.

"Màmá, ṣé mo lè sọ nǹkan kan?"

"Sọ ọ́, ọmọ mi."

"Èmi ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹ kì í rí mi. Mo rò pé tí mo bá sọ fún mọ́mì, wọ́n máa mú mi kúrò lọ́dọ̀ yín."

Àṣàkẹ́ na ọwọ́ síbi tí ohùn náà ti wá, ó di ọmọ náà mú. Nírọ̀lẹ́, Raliat fi Àṣàkẹ́ lé awakọ̀ kan tó mọ̀ lọ́wọ́ ní gáràájì, ìyá àgbà nìkan ló sì padà sí Ọ̀yọ́.