Ẹṣin Heber Lórí Àbàtà Gígùn

Ọ̀kadà onítáyà mẹ́rin náà pupa bí ata, ó ń dán gbinrin, ó sì ti wà lẹ́yìnkùlé Selby Budgell kí ìwé ìjọba tó dé rárá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Drusilla, ìyàwó Selby, ni ó ń wá òkúta. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ ẹja pa ní èbúté wọn ní Newfoundland, kò jókòó káwọ́ gbera. Ó lọ kọ́ bí a ti ń dá òkúta tó lè ní wúrà tàbí bàbà nínú mọ̀, ó gba àṣẹ ilẹ̀ kan ní òdì kejì Àbàtà Gígùn, ó sì tọrọ owó ìrànwọ́ tí ìjọba máa ń fún àwọn tó ń wá ohun àlùmọ́nì. Ìjọba gbà, wọ́n sì kọ̀wé ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ní kí ó ná owó tirẹ̀ ná. Bí iṣẹ́ bá parí, àwọn yóò dá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin padà fún un, nínú ìnáwó tó bá yẹ.

“Ìnáwó tó yẹ!” ni Selby wí, ó ń fi àkísà nu ọ̀kadà rẹ̀. “Kí ló tún yẹ ju èyí lọ? Ṣé a ó gbé òkúta lérí wálé ni?”

Drusilla wo ọ̀kadà náà láti òkè délẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí ọ̀kadà yẹn láti ọjọ́ tó ti wọlé.

Nígbà tí Janine Critch, ọ̀dọ́bìnrin tí ìjọba rán láti wá ṣàlàyé ètò owó náà fún àwọn ará èbúté, dé gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, Selby ni ó kọ́kọ́ nàwọ́ sókè.

“Áńkù Selby, ìgbà wo lẹ ra ọ̀kadà ọ̀hún?” ni Janine bi í.

“Oṣù tó kọjá.”

“Ìwé yín ò tíì jáde nígbà yẹn. Ohun tẹ́ ẹ bá ná kí ìwé tó jáde, ọrùn yín ló wà.”

“Tí mo bá lọ dá a padà, tí mo wá tún un rà lónìí ńkọ́?”

“Kò tún yẹ. Iṣẹ́ nìjọba ń sanwó fún, kì í ra ẹrù fún èèyàn. Bí iṣẹ́ bá parí, ọ̀kadà á ṣì wà lẹ́yìnkùlé yín, ẹ ó máa gbé e lọ ibi ìpẹja. Tẹ́ ẹ bá háyà nǹkan ìrìnnà fún iṣẹ́ náà, ìyẹn yẹ.”

Ojú Selby tàn. “Ó ti parí nìyẹn! Dru á háyà rẹ̀ lọ́wọ́ mi.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan? Owó tó kúrò nínú àpò ọ̀tún bọ́ sí àpò òsì, Áńkù, kò tíì rìnrìn àjò.”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Selby jókòó, etí rẹ̀ pọ́n bí ọ̀kadà rẹ̀.

Drusilla dìde. “Ọmọ mi, máa wí èyí tó yẹ, ká gbọ́.”

Janine sọ ọ́ fún un: owó tí ilé àyẹ̀wò bá gbà lórí òkúta, owó ọkọ̀ tàbí ohun ìrìnnà tí a háyà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, owó òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ará ilé, owó ilẹ̀ gbígbẹ́, àti oúnjẹ iye ọjọ́ tí wọ́n bá sùn nínú igbó, ní iye tí ìjọba ti fi lélẹ̀. “Bí ohun tẹ́ ẹ ná bá mú ká túbọ̀ mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kó yẹ nìyẹn, Àǹtí. Tó bá rú yín lójú, ẹ bi mí kẹ́ ẹ tó ná an, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.”

Bí wọ́n ti ń darí lọ sílé, Drusilla ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Nǹkan kan ṣoṣo ló lè la Àbàtà Gígùn kọjá láìrì: Flossie, ẹṣin kúkúrú tí Heber Tizzard fi ń kó igi ìdáná. Ṣùgbọ́n ọdún kejì rèé tí Selby àti Heber kò ti kí ara wọn. Heber ló sọ pé ọkọ̀ ojú omi tí Selby fọwọ́ ara rẹ̀ kàn kò ní í kúrò létí èbúté kó tó rì. Ó rì létí èbúté lóòótọ́, Heber sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Drusilla nìkan ló lọ bá Heber pé òun fẹ́ háyà ẹṣin rẹ̀.

“Iye tí mò ń gbà lórí igi náà ni màá gbà,” ni Heber wí. “Ṣùgbọ́n Flossie ò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mi. Èmi náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.”

“Màá sanwó iṣẹ́ rẹ lọ́tọ̀. O kì í ṣe ará ilé mi, ó yẹ.”

Nígbà tí Selby gbọ́, ó fi ife tíì rẹ̀ lélẹ̀. “Ẹ̀n-ẹ́n! Èmi ọkọ ni n ó ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, Heber lo máa wá sanwó fún?”

“O lè dúró sílé.”

“Ta ló ní n ó dúró sílé?”

Ní òwúrọ̀ tí wọ́n gbéra, Drusilla àti Heber ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin. Selby gun ọ̀kadà rẹ̀ gba iwájú wọn kọjá fíì, kò wẹ̀yìn. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì tó ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọ inú àbàtà. Selby dúró lórí àga rẹ̀, ẹrẹ̀ bò ó láti àgbọ̀n dé bàtà.

Heber wò ó, ó tún wò ó. “Selby, ọkọ̀ rẹ rì sómi, ọ̀kadà rẹ rì sẹ́rẹ̀. Kí ló kù tó o fẹ́ rà, bàlúù?”

Drusilla fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó rò pé ìjà dé. Ṣùgbọ́n ẹnu Selby kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde láti inú rẹ̀, ó rín in títí ó fi ṣubú sínú ẹrẹ̀ náà gan-an. Heber bọ́ sínú àbàtà lọ na ọwọ́ sí i, òun náà sì yọ̀ ṣubú. Flossie ló fa ọ̀kadà jáde, ìdajì ọjọ́ ni wọ́n sì fi ṣe é.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu àwọn ọkùnrin méjèèjì kò pa mọ́. Wọ́n gbẹ́ kòtò síbi tí Drusilla fi hàn wọ́n, wọ́n jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú ẹja oníyọ̀, wọ́n ń bú ara wọn láàárọ̀ lálẹ́. Drusilla wà nínú kòtò nígbà tó fọ́ òkúta aláwọ̀ ìpẹtà kan. Inú rẹ̀ ń dán, ó pọ́n bí idẹ. Kò pariwo. Ó kàn kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò pa á.

Janine wá wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. “Àǹtí, koríko tí ẹṣin ń jẹ ńkọ́?”

“Ó wà nínú owó tí Heber gbà. Mi ò lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdajì ọjọ́ tí Flossie fi fa ọ̀kadà ọkọ mi, mo yọ ìyẹn náà kúrò. Kò jẹ́ ká mọ nǹkan kan nípa ilẹ̀.”

“Ó jẹ́ ká mọ̀ pé ilẹ̀ náà rọ̀,” ni Heber dá sí i.

Selby ju ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀. “Ṣé èmi ò wá yẹ fún nǹkan kan nínú gbogbo èyí ni?”

“Oúnjẹ yín yẹ, Áńkù.”

“Ẹ ṣeun o. Ẹṣin tiẹ̀ sàn jù mí lọ, ó ń gbowó pẹ̀lú koríko.”

Nígbà tí èsì ilé àyẹ̀wò dé, wúrà inú òkúta náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bàbà rẹ̀ pọ̀. Ìjọba dá owó padà bí wọ́n ti ṣèlérí. Kìkì bàtà rọ́bà tí Drusilla kọ mọ́ ọn ni wọ́n yọ kúrò, torí bàtà jẹ́ ẹrù, ó sì gbà pé wọ́n jàre. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ awakùsà kan ní ìlú St. John's rán ọkùnrin kan wá láti wo ilẹ̀ náà.

Ní etí àbàtà, Selby ní ọ̀nà òsì ló gbẹ, Heber ní ẹni tó bá gba òsì á fi imú mu omi. Àlejò dúró láàárín wọn, kò mọ ọ̀rọ̀ ẹni tí òun yóò gbọ́. Drusilla ti ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ó gba àárín, ó ń lọ, ó ní kí àlejò máa fẹsẹ̀ lé ibi tí òun bá ti gbẹ́sẹ̀.