Ẹni Tó Di Ẹsẹ̀ Mú

Àgbò náà dìde.

Gbogbo àwọn tó wà ní odò ẹran ló rí i. Ọ̀bẹ ti kọjá lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn, síbẹ̀ ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ sìmẹ́ńtì tútù náà, ó dìde, ó rìn díẹ̀, ó wá dúró bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ.

"E don stand up o!" Ọmọ Ẹ̀dó kan tó wá ra ìfun ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Làmídì, apẹran tó fa ọ̀bẹ náà, fò mọ́ àgbò náà. Ó gbé e ṣubú, ó fa ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kejì. Kò wọlé tó. Ó tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà yẹn ni ara ẹran náà tó rọ̀.

Nígbà tó gbójú sókè, Dókítà Èyímofẹ́ ló rí níwájú rẹ̀, nínú bàtà òjò funfun. Obìnrin Ìlàjẹ ni, dókítà ẹran tí ìjọba rán wá. Ọjọ́ Iléyá gan-an ló yàn láti wá wò bóyá wọ́n ń tẹ̀lé òfin tuntun. Òfin náà ò le. Kí ọ̀bẹ mú. Kí wọ́n má pọ́n ọn lójú ẹran. Kí ẹran má rí ibi tí wọ́n ti ń pa èkejì rẹ̀. Kí ọ̀bẹ kọjá lẹ́ẹ̀kan, kó parí. Ẹni tí ẹran bá ń jìyà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò dá káàdì àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ padà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kà á sí Làmídì létí, ó mi orí pé ó dáa. Ohun tí alùfáà ilé kéwú ti kọ́ ọ ní Ìwó látìgbà tó wà lọ́mọdé nìyẹn. Kò sí tuntun kankan níbẹ̀, àfi káàdì.

"Bàbá Làmídì, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fi í pa mọ́ sẹ́yìn, tòun tọ̀bẹ. Ẹ̀rù bà á, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọkàn rẹ̀ lọ.

"Ẹni tó di ẹsẹ̀ mú ló tú u sílẹ̀, Dókítà."

Jíbọ́lá ni ẹni tó di ẹsẹ̀ mú. Ará Àkókó ni, onígbàgbọ́ ni, ó ti pẹ́ tí òun àti Làmídì ti jọ ń ṣiṣẹ́. Kò gbé ọ̀bẹ rí. Tirẹ̀ ni kó kúnlẹ̀, kó di ẹsẹ̀ ẹran mú títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán. Orí ìkúnlẹ̀ náà ló ṣì wà. Ó wo Làmídì. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì tí irun àgbò lẹ̀ mọ́.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Dókítà bi í.

"Bí Ẹ̀gbọ́n bá ti wí, Mà," Jíbọ́lá dáhùn, "bẹ́ẹ̀ náà ni."

"Ó dáa. Ẹ máa lọ sílé. Ẹ má wọ ibí mọ́ títí n ó fi ránṣẹ́ pè yín," Dókítà sọ fún Jíbọ́lá.

Sùlè, apẹran kejì, ń fọ ọ̀bẹ tirẹ̀ nídìí omi. Làmídì ló kọ́ ọ níṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu Sùlè ò mọ ọ̀gá.

"Ọ̀gá," ó ní, "àbí àgbò yìí fẹ́ kírun kó tó lọ ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Làmídì náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi yíjú sí ẹnubodè, Jíbọ́lá ti lọ. Ó tilẹ̀ gbàgbé bàtà òjò rẹ̀ sídìí ògiri.

Ní odò ẹran yẹn, ọrùn ni ẹ̀tọ́ apẹran. Ẹni tó ni ẹran á kó gbogbo rẹ̀ lọ, á fi ọrùn sílẹ̀. Làmídì á dì í sínú ọ̀rá, á gbé e wálé ní àdúgbò Uwasota, Abímbọ́lá ìyàwó rẹ̀ á gé e wẹ́wẹ́, á gbé e lọ sọ́jà Ekiosa. Ọrùn ti ọjọ́ Iléyá nìkan ni wọ́n máa ń sè jẹ, Jíbọ́lá á sì wá bá wọn jẹ ẹ́. Ọdún kan ò yẹ̀ rí.

"Jíbọ́lá ò bá yín wá?" Abímbọ́lá béèrè. Ó ń ṣan ẹran nínú ilé ìdáná. "Mo ti wá àwo rẹ̀ sílẹ̀."

Làmídì jókòó lórí àpótí, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ itan. "Wọ́n ní kó lọ sinmi ná."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Dókítà ìjọba. Ó tú ẹsẹ̀ àgbò sílẹ̀, àgbò dìde."

Abímbọ́lá ń ṣan ẹran lọ. Nígbà tó yá, ó gbé ọrùn kan sórí tíréè, ó sì yí i sí ọ̀nà fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Ojú ọ̀bẹ mélòó lẹ rí níbí?"

Làmídì ò fẹ́ wò ó.

"Ẹ wò ó, Bàbá Ọpẹ́."

"Mẹ́ta."

"Ṣé ẹni tó di ẹsẹ̀ mú ló gé ọrùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta?"

Ọpẹ́yẹmí, ọmọ wọn, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Mummy, the meat never done?"

"Lọ jókòó. Èmi àti bàbá rẹ ń sọ̀rọ̀."

Ọmọ náà wo ojú àwọn méjèèjì, ó rọra padà. Abímbọ́lá nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀.

"Ọmọ alápatà ni mí," ó ní. "Látìgbà ààwẹ̀ ni mo ti ń rí ojú ọ̀bẹ méjì méjì. Mò ń gé ibẹ̀ dànù kí n tó gbé e dé Ekiosa, kí ojú àwọn ọlọ́jà má baà tó o. Mo ní aṣọ ni mo fi ń bò yín. Ẹran tó ti jìyà lábẹ́ aṣọ yẹn, n ò mọ iye rẹ̀."

"Bí mo bá dá káàdì padà, kí la ó máa ṣe?"

"N ò mọ̀."

"Ẹni bíi tèmi, iṣẹ́ wo ni mo tún mọ̀?"

"Mo ní n ò mọ̀, Bàbá Ọpẹ́. Ṣùgbọ́n èyí, kò lè gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá." Ó fi ọmọrí ìkòkò bo tíréè náà.

Làmídì yọ ọwọ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ itan. Ó gbé e lé orúnkún, ó sì fi í sílẹ̀ kó máa gbọ̀n. Kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó bẹ́ẹ̀ rí. Abímbọ́lá wò ó títí, kó tó wá fi ọwọ́ tútù tirẹ̀ lé e lórí. Ọwọ́ náà ò dẹ́kun gbígbọ̀n.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn tí kò tíì pa tiwọn ṣì ń fa àgbò wá láti ojú ọ̀nà Ekenwan. Jíbọ́lá wà lẹ́nubodè. Olùṣọ́ ò jẹ́ kó wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọdún. Bàtà òjò mi ni mo wá mú. Mo rí àwọn kan tó ń gbẹ́ gọ́tà, mo fẹ́ bá wọn ṣe é."

"O ò wá jẹun lánàá."

"Ara mi ò yá sí i ni." Ilẹ̀ ló ń wò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín wo ọwọ́ yẹn ní ọsibítù."

"O mọ̀?" Làmídì bi í.

"Ẹsẹ̀ ẹran ló ń sọ fún mi. Bí ọ̀bẹ bá wọlé dáadáa, ẹsẹ̀ á ta lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Láti bí oṣù mélòó kan, ńṣe ni wọ́n ń ta ṣáá, bí ẹni ń bẹ̀ mí."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ta ni n ó sọ fún? Ẹ̀yin lọ̀gá mi."

Làmídì ní òun ń lọ mú bàtà náà wá. Ó dé ìdí ògiri, ó rí bàtà, kò mú un. Wọ́n ti ń pè é. Wọ́n ti gbé àgbò kan jáde láti ẹ̀yìn tapólì tí wọ́n ta kí ẹran má baà rí ara wọn. Wọ́n ti tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Dókítà Èyímofẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ló máa di ẹsẹ̀ mú?" Dókítà béèrè.

Làmídì yọ ọ̀bẹ rẹ̀ tó fi aṣọ wé. Ó na èèkù rẹ̀ sí Sùlè.

"Gbà."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin ló kàn o. Tèmi ti kọjá."

"Mo ní kí o gbà á, Sùlè."

Sùlè gbà á. Làmídì bọ́ káàdì tó gbé kọ́ ọrùn, ó nà án sí Dókítà.

"Jíbọ́lá ò tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ lánàá, Mà. Irọ́ ni mo pa. Ọwọ́ mi ni. Ẹ wò ó."

Ó gbé ọwọ́ náà sókè lójú gbogbo wọn. Sùlè tẹjú mọ́ ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé n ò lè dá èyí padà fún yín?" Dókítà di káàdì náà mú.

"Mo mọ̀."

"Jíbọ́lá náà ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́nubodè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é wọlé. Ṣùgbọ́n ẹran ti wà nílẹ̀, Mà. Kò dáa kó dùbúlẹ̀ pẹ́."

Kò dúró gba èsì. Ó kúnlẹ̀ síbi tí Jíbọ́lá máa ń kúnlẹ̀ sí. Sìmẹ́ńtì náà tutù ju bó ṣe rò lọ. Ó di ẹsẹ̀ àgbò náà mú, ó fi ọwọ́ òsì ran ọ̀tún lọ́wọ́. Láti ibẹ̀, kò rí ọ̀bẹ rárá. Ikùn ẹran náà nìkan ló ń rí, tó ń lọ sókè sódò.

"Bísímílà," Sùlè wí.

Ẹsẹ̀ náà ta lẹ́ẹ̀kan. Làmídì ń retí ẹ̀bẹ̀ tí Jíbọ́lá sọ. Kò dé.

Òjìji ẹnìkan bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Jíbọ́lá ni, pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀.

"Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n gbà á."

"Rárá," Làmídì ní. Kò gbójú sókè. "Jẹ́ kí n dì í mú títí yóò fi dákẹ́."