Ibi Tí Gábàsì Wà

Kí ẹnikẹ́ni tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀, mo ti kọ́ ilé kéú náà tán. Inú kọ̀ǹpútà ni mo kọ́ ọ sí, láti ìpìlẹ̀ dé páànù, mo sì mọ iye bíríkì tí yóò gbà. N kì í ṣojú ayé lórí iṣẹ́ mi, ẹ má bínú. Ẹni tó bá mọ nǹkan ṣe, ibo ló fẹ́ fi í pamọ́ sí?

Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n bi gbogbo ohun tó wà lára ilé léèrè pé, kí lò ń ṣe níbí? Èyí tí kò bá rí èsì fọ̀, mo yọ ọ́. Mo ti sọ ògiri di bíríkì amọ̀ tí a ó fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti inú erùpẹ̀ ibẹ̀ gan-an. Mo sì ti yọ báráńdà ẹ̀yìn. Ṣebí mo ti sún oòrùn inú kọ̀ǹpútà láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá: ògiri gígùn kan kọjú sí àríwá, èkejì kọjú sí gúúsù, oòrùn kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí wọn mú. Kí ni báráńdà fẹ́ wá ṣíji bò?

Sìmẹ́ǹtì báráńdà yẹn ni mo fi ṣèlérí tanki omi òjò fún Alhaja Mùyìbátù, alága ìgbìmọ̀ ilé kéú. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Alhaja ti ń pariwo omi, nítorí bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn ọmọ a máa rìn jìnnà kí wọ́n tó rí omi àlùwàlá. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Alhaja. Ilé àti tanki, ẹ máa rí méjèèjì."

Ìbàdàn ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ṣakí ni mí. Orí fóònù ni mo ti bi Bàbá Ramlah, bíríkìlà tó bá bàbá mi ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbà kan rí, pé ibo ni ilé náà yóò kọjú sí. Wọ́n ní, "Gábàsì ni. Ibo ni ì bá tún kọjú sí?" Mo tẹ àádọ́rùn-ún dígírì, ìlà oòrùn gan-an, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Ọjọ́ tí a fẹ́ ṣí ìpìlẹ̀, ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Alásárì nígbà tí mo dé orí ilẹ̀. Mo bá okùn lára èèkàn, kò dojú kọ ibi tí mo kọjú ilé sí nínú kọ̀ǹpútà rárá. Inú bí mi.

"Bàbá Ramlah, ilé yìí ti wọ́! Ṣebí gábàsì lẹ sọ fún mi?"

Wọ́n ti fìlà sẹ́yìn. "Gábàsì náà nìyẹn."

"Ibi tí oòrùn ti ń yọ ni gábàsì!"

"Ṣé oòrùn là ń sìn ni, Misturat?" Wọ́n nawọ́ sí mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. "Wò ó, ṣé ìyẹn náà wọ́? Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun ó wọ́. Èmi wà níbí, ilé á wá wọ́ kẹ̀?"

Mo yọ fóònù mi, mo fi wọn ojú ibi tí okùn kọ sí. Òun àti ògiri mọ́ṣáláṣí ń lọ ní dọ́gbadọ́gba: dígírì mẹ́rìndínláàádọ́rin. Láti Ṣakí, Mẹ́kà kò sí ní ìlà oòrùn ganran, ó yà sí àríwá. Ibi tí à ń kọjú sí kírun ni Bàbá Ramlah ń pè ní gábàsì, wọn ò ro ti oòrùn mọ́ ọn.

"Ẹ jẹ́ ká yí okùn," ni mo wí.

"A ò lè yí i. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, inú ilé yìí làwọn obìnrin á ti máa kírun. Ṣé kí wọ́n máa dúró wọ́gọwọ̀gọ ni?"

Mo jókòó sórí òkìtì yanrìn, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo yí ilé náà. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn wọlé, níbi tí mo ti yọ báráńdà, ní àsìkò tí àwọn ọmọ máa ń jókòó ti kéú gan-an. Bí mo bá dá báráńdà padà, tanki Alhaja ti lọ nìyẹn. Bí n kò bá dá a padà, oòrùn yóò máa yan àwọn ọmọ bí àgbàdo. Alhaja sì ti wà lọ́nà. Ojú tì mí gidigidi.

Bàbá Ramlah tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. "Àwọn igi dà?"

"Igi wo, Bàbá?"

"Dóńgóyárò mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ un."

Òótọ́ ni. N kò fi wọ́n sí i, nítorí mo ti ní kí wọ́n gé wọn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbé tanki sí. Agégi tilẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé, ó jókòó sábẹ́ òjìji wọn, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Mo wo òjìji yẹn. Ó ti nà kọjá okùn ẹ̀yìn.

Mo ní kí Bàbá Ramlah bá mi di orí tépù mú. A wọn àwọn igi, a wọn òjìji wọn, mo fi wọ́n sínú kọ̀ǹpútà níkọ̀ọ̀kan. Mo gbé tanki lọ sí igun kejì, níbi tí omi páànù yóò ti máa dà sínú rẹ̀, mo sì tún oòrùn sún. Òjìji bo fèrèsé mẹ́ta nínú mẹ́rin. Mo sọ ibi ìkẹrin di yàrá ìkẹ́rùsí, mo dí fèrèsé rẹ̀ pa. Iṣẹ́ báráńdà di ṣíṣe, kò ná wa ní àpò sìmẹ́ǹtì kan.

Àfi bí Alhaja ṣe yọ. "Kí ló dé tí agégi ń palẹ̀ mọ́?"

Irọ́ kan dé ẹnu mi, pé kọ̀ǹpútà ló rí ọ̀nà tó sàn jù. Mo gbé e mì. "Alhaja, èmi ni mo ṣì í. N kò mọ ibi tí gábàsì wà. Bàbá Ramlah ló tún un ṣe."

Alhaja bi mí pé, "Tanki mi ń kọ́?"

"Ó wà. Igun yẹn ló kó lọ."

"Ilé ń kọ́?"

"Òun náà wà."

"Ẹ gbẹ́lẹ̀ nígbà náà," ni Alhaja wí, Bàbá Ramlah sì sọ ọkọ́ àkọ́kọ́ kalẹ̀.

Ìrun Alásárì ká wa mọ́bẹ̀. Àwọn ọkùnrin wọ mọ́ṣáláṣí lọ, èmi àti Alhaja tẹ́ ẹní sábẹ́ dóńgóyárò. N kò ronú kí n tó dúró. Nígbà tí mo wolẹ̀, ẹsẹ̀ mi méjèèjì bá okùn Bàbá Ramlah dọ́gba gẹ́lẹ́. Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń kọjú síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ló lọ tẹ àádọ́rùn-ún.