Kámẹ́rà Ojú Àwòdì

Ojú Àwòdì ni gbogbo iléeṣẹ́ àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ń pe baba kan, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti gbé ojú lé maikirosikóòpù, ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lójú, á ní, "Irú ojú yìí kò sí lọ́jà." Arábìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀ ń lo awò ojú tó nípọn, ni baba bá sọ ọ́ ní Onígò.

Ohun tí baba fi pamọ́ ni pé bí nǹkan bá ti jìnnà sí i ju ibi tọ́wọ́ rẹ̀ lè nà dé, bí ìgbà téèyàn ń wo inú kùrukùru ló rí. Nọ́ọ̀sì kan wà tí baba máa ń kí láràárọ̀, tó máa ń dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn nínú aṣọ funfun. Kò dáhùn rí. Baba ti gbà pé agbéraga ni.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá Àgbà ra kámẹ́rà tí wọ́n ń dè mọ́ orí maikirosikóòpù, tí àwòrán á sì máa hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ara ògiri. Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ ya àwòrán tó mọ́ ló máa di olórí yàrá àwòrán. Oorun ò kun Ojú Àwòdì mọ́. Àga olórí ọ̀hún ló ń wù ú.

Lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn pé. Baba fi èèpo àlùbọ́sà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó de kámẹ́rà mọ́ ọn, ó gbé ojú lé e, ó ń yí i títí tó fi mọ́ lójú ara rẹ̀.

"Ó ti mọ́ kedere!"

"Níbo, bọ̀dá?" Onígò dáhùn. "Omi ìfọṣọ ló wà lára ògiri yìí o."

"Ẹ bi kámẹ́rà. Ojú tèmi kì í purọ́."

Ọ̀gá Àgbà ní kí Onígò bá wọn gbìyànjú. Ìyẹn ò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo inú ẹ̀rọ. Ògiri ló kọjú sí, tó ń rọra yí i. Àfi háà! Èèpo àlùbọ́sà là lára ògiri bíi búlọ́ọ̀kù tí mọlémọlé tò. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ojú Àwòdì nìkan ló ń mirí. "Ó ṣì ṣú! Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á."

Wọ́n wo ògiri, wọ́n wo baba. Onígò lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó na ọwọ́ sókè.

"Bọ̀dá, ìka mélòó nìyí?"

"Ìka wo?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Onígò fúnra rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi lé baba lọ́wọ́. Baba wò yí ká bíi pé olè lòun, ó gbé e wọ̀. Ó rí àlùbọ́sà. Ó rí eyín gbogbo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ó wá rí nọ́ọ̀sì ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: ẹ̀wù iṣẹ́ ni, orí ìṣó ló rọ̀ sí.

Ọ̀gá Àgbà gbé àga fún Onígò lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, baba wọlé pẹ̀lú awò ojú tó tóbi ju ti Onígò lọ.

"Háà, bọ̀dá, ẹ̀yin náà?"

"Kí lẹ̀ ń wò?" Ó gbọ́rùn sókè. "Dókítà ló ní ojú mi ti mú jù, kí n máa fi awò dín in kù."