Wáyà Abẹ́ Tábìlì Láàbù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ bá rí wáyà lábẹ́ tábìlì níbi iṣẹ́ yín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ gbálẹ̀ yín, kí ẹ kọjá.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni mò ń ṣe ní ọsibítù kan n'Ìkẹ̀rẹ́. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀. Ti láàbù, Adó ni wọ́n ti rà á. Ti yàrá káàdì, ìjọ kan ló fi ta wá lọ́rẹ láti òkè òkun. Ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n yàtọ̀, wọn ò gbọ́ ara wọn. Tí èsì àyẹ̀wò bá jáde, Isaac tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù á kó o sínú fláàṣì, èmi á gbé e lọ fún Modúpẹ́ ní yàrá káàdì. Ọdún márùn-ún. Ìyá Fláàṣì ni wọ́n ń pè mí.

Isaac á ní, "Ìyá Fláàṣì, ẹsẹ̀ yín mà yá ju nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ."

Modúpẹ́ á ní, "Ẹ ti jẹun àbí ẹ ò tíì jẹun? Uṣu wà ńbí."

Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, tí Ẹ̀bùn ọmọ mi sì ti lọ sí Àbújá, kò sí ẹlòmíràn tó ń bi mí bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹta, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀mípọ̀sí dé láti Adó, pẹ̀lú wáyà àti àpótí kékeré kan tí iná ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Mo dúró, mò ń wò ó. Mo ní ṣé kọ̀ǹpútà méjèèjì á wá máa gbọ́ ara wọn báyìí.

"Mà, ará Ìkẹ̀rẹ́ ń sọ tiẹ̀, ará Ìsẹ̀ ń sọ tiẹ̀. Tí wọ́n bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Èdè kan náà ni wọ́n á fi ka Bíbélì. Òun ni mò ń kọ́ wọn."

Ó kọ́ wọn lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó pè mí. Isaac ń kí mi láìgbójú sókè. Mò ń gbá ibi tí mo ti gbá.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, mo wà lábẹ́ tábìlì láàbù, mo rí wáyà náà. Mo fà á. Díẹ̀ ni. Kò pẹ́, mo gbọ́ ohùn Modúpẹ́ láti yàrá kejì.

"Ìyá Fláàṣì, ẹ ṣàánú wa, ẹ wá."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì ń tì í padà nírọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn ìkẹta, nọ́ọ̀sì àgbà, Ìyáàfin Adébísí, ní Isaac ló ń bà á jẹ́, pé kò fẹ́ kí wọ́n máa rí iṣẹ́ rẹ̀ láti yàrá kejì. Ó ní tó bá jẹ́ Isaac lóòótọ́, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lónìí. Isaac ń nu awò ojú rẹ̀.

Wọ́n ti pe Ayọ̀mípọ̀sí padà. Ó kúnlẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ wò.

"Mà, kì í ṣe Bùrọ̀dá Isaac, àbí?"

Mo ní, "Kì í ṣe òun."

Ìyáàfin Adébísí yíjú sí mi. "Ta wá ni?"

"Èmi ni, mà."

Isaac gbójú sókè. Modúpẹ́ náà ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin kẹ̀?" ni Modúpẹ́ wí. "Kí la fi ṣẹ̀ yín? Kí lẹ fẹ́ gan-an?"

Mo wò wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Mo ti ní èmi ni. N kò ní í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ."