Òjìji Kúlísúmù Nígbà Ìrun Àsárì

Dókítà ló ní kí Kúlísúmù ìyàwó mi máa rìn dáadáa, tìtorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń rìn jẹ́jẹ́ wa nínú páàkì ní Cheverly, l'Amẹ́ríkà. Ìgbà tí ooru ọdún yẹn ń parí lọ ni Tàjùdéèn gbọ́, ló bá ní òun á máa bá wa rìn. Agboolé kan náà lèmi àti Tàjùdéèn ti wá n'Ísẹ́yìn. Ìyàwó ẹ̀ ti kú. Síkiọ́rítì ló ń ṣe ní Camp Springs, ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì le.

"Ìyàwó mi, wá wo tẹ̀tẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà! Tẹ̀tẹ̀ ilé gan-an!" Tàjùdéèn pariwo.

"Háà, ọkọ mi, ojú yín mà ríran o!"

Àṣà wa ni, mo mọ̀. Ìyàwó ẹnì kan, ìyàwó gbogbo agboolé ni. Ṣùgbọ́n nílé, ọkọ pọ̀ lọ súà, ta ló ń ka ti ẹnì kan sí? Ní Amẹ́ríkà níbí, àwa méjì péré ni ọkọ! Tẹ̀tẹ̀ yẹn gan-an, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò kàn pariwo ni.

Wọ́n bá ń wo ewé kiri. Èyí tó yọ òdòdó yẹ́lò, èyí tó so èso dúdú lórí igi pupa. Kúlísúmù ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dìde bí ọmọge. Èmi ń bọ̀ lẹ́yìn, mo gbé ẹní àti ike omi.

Tàjùdéèn bá wo ilẹ̀. "Òjìji igi yìí ti gùn ju igi fúnra ẹ̀ lọ. Àsárì ti wọlé."

"Ọkọ mi, ẹ ṣáájú wa kírun," Kúlísúmù wí fún un.

Láyé! Mo ní èmi ni màá ṣáájú. Tàjùdéèn dúró lọ́wọ́ ọ̀tún mi, Kúlísúmù wà lẹ́yìn wa. Oòrùn ń ti ẹ̀yìn bọ̀. Òjìji Kúlísúmù bá gùn gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ bọ́ sórí ti Tàjùdéèn. Wọ́n jọ ń tẹ̀, wọ́n jọ ń dìde. Ojú mi ò kúrò níbẹ̀. Ní ràkáà kẹta, mo jókòó, mo fẹ́ parí ìrun.

Pá! Pá!

Lórí ìrun, obìnrin kì í sọ̀rọ̀ tí lèmọ́ọ̀mù bá ṣàṣìṣe, àtẹ́wọ́ ló ń pa. Mo ta gìrì, mo dìde, mo kí ràkáà kẹrin tó kù.

A parí tán. Kúlísúmù kọjú sí mi: "Bàbá Kamilah, ràkáà mẹ́ta lẹ fẹ́ fi dá wa padà sílé?"

Tàjùdéèn ní, "Ẹ̀n-ẹ́n? Èmi ò tiẹ̀ fura. Ọkàn mi ò sí níbí."

Níbo wá ni ọkàn ẹ̀ wà?

"Kí lẹ̀yin ń wò tẹ́ ẹ fi gbàgbé?" Kúlísúmù bi mí.

"Òjìji."

"Ti ta ni?"

Mo ń ká ẹní. Ó wo ilẹ̀, ó wo Tàjùdéèn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun yìí? Owú?"

Bá a ṣe ń lọ sílé, mo kó sáàárín àwọn méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń fèjìká tì mí," Tàjùdéèn wí.

Mo ní ọ̀nà ló há. Bẹ́ẹ̀, mọ́tò méjì lè pàdé lójú ọ̀nà yẹn.